Ẹ má ṣe yọ ilẹ̀kùn nítorí kọ́kọ́rọ́: lórí fódà àjọlò àti Windows 11

Agbègbè Tákìé,
Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí ìṣòro kan tó ń yọ àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà jẹun lẹ́nu ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ẹ̀rọ wa kúrò lórí Windows 10 bọ́ sórí Windows 11. Fódà kan yóò wà tí kọ̀ǹpútà mẹ́rin tàbí márùn-ún ti jọ ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà sórí ẹ̀dà tuntun, fódà náà kò ní ṣí lórí rẹ̀ mọ́. Ohun tó mú mi kọ̀wé kọjá ìṣòro náà fúnra rẹ̀. Oògùn tí mo rí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò sí i, tí èmi náà sì ti lò fún àwọn oníbàárà mi nígbà kan, ló ń bà mí lẹ́rù.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni tèmi. A máa ń tẹ̀wé, a máa ń di ìwé, a sì máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kọ̀ǹpútà márùn-ún ló wà níbẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn wà ní kọ̀rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì ínfátà, òun ni a sì ń kó gbogbo iṣẹ́ àwọn oníbàárà sí, kí ẹni tó bá jókòó sídìí èyíkéyìí nínú mẹ́rin yòókù lè ṣí iṣẹ́ láìdìde. Ní àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH bá ń fi iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá wọn sílẹ̀, orí fódà yìí ni gbogbo òwò wa dúró lé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn tí mo ti fi ọjọ́ Àbámẹ́ta gbé kọ̀ǹpútà iwájú sórí Windows 11, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọlé pé kí a tẹ iṣẹ́ òun ní ẹ̀dà mẹ́rin kí a sì bá òun dì í. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ tẹ fódà náà. Ẹ̀rọ dúró díẹ̀, ó wá gbé àpótí funfun kan jáde lójú rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé a kò lè dé inú fódà náà, nítorí pé òfin ààbò iléeṣẹ́ wa kò fàyè gba àlejò tí kò fi ẹni tó jẹ́ hàn. Ó tún un tẹ̀, ohun kan náà ló rí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, súpáfáísọ̀ mi kò ní pẹ́ kúrò ní ọ́fíìsì lónìí.” Mo fi fláàṣì kó iṣẹ́ rẹ̀ láti kọ̀rọ̀ wá sí iwájú, a tẹ̀ ẹ́, a dì í, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ń fi fláàṣì gbé fáìlì kiri nínú yàrá kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni tó bá sì mọ iye láptọ́ọ̀pù akẹ́kọ̀ọ́ tí fláàṣì ṣọ́ọ̀bù ń wọ̀ lóòjọ́ yóò mọ irú kòkòrò tó lè bá a wọlé.

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn tí a jọ wà nídìí iṣẹ́ yìí ni pé Windows 11 ló ba nẹ́tíwọ̀kì wọn jẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Nígbà tí mo wá fara balẹ̀ ka ohun tí Microsoft kọ nípa ẹ̀dà náà, mo rí i pé kò sí ohun tó bàjẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n gbé ẹ̀dà Windows 11 tí wọ́n ń pè ní 24H2 jáde, ohun méjì ni wọ́n sì yí padà nínú rẹ̀ tó kan fódà àjọlò. Púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ nígbà náà, nítorí Windows 10 ni a ṣì ń lò. Nígbà tí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 pé, tí Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró, ni kálukú sáré gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, tí a sì bá ìyípadà ọ̀hún pàdé lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkíní kan àlejò. Nílé wa, bí ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn, tí a bi í pé “Ta nìyẹn?”, tó sì dáhùn pé “Èmi ni”, ẹni tó bá dá ohùn rẹ̀ mọ̀ yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Bí àwọn kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi ṣe ń bá ara wọn lò láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Kọ̀ǹpútà iwájú kò ní orúkọ tí ti kọ̀rọ̀ mọ̀, kò ní password, síbẹ̀ ti kọ̀rọ̀ ń gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò, nítorí pé èmi fúnra mi ni mo tan àkáǹtì Guest sílẹ̀ níbẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Láti ọdún 2017 ni àwọn ẹ̀dà Windows 10 ti Enterprise àti Education ti ń kọ irú ìwọlé yìí; ẹ̀dà Pro, tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń rà, ṣì ń gbà á, àfi ìgbà tí 24H2 dé.

Mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kíyè sí ibi yìí dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni mo ti fi ọjọ́ méjì ṣòfò. Onílé kọ́ ló kọ̀. Àlejò ló kọ̀. Kọ̀ǹpútà tuntun ni kò fẹ́ wọ ilé tí wọn kò ti béèrè orúkọ òun, nítorí ilé tó ń gba gbogbo ènìyàn láìbéèrè orúkọ kò ní ohun tí yóò fi jẹ́rìí pé òun gan-an ni ilé tí à ń wá. Olè lè gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ sórí nẹ́tíwọ̀kì yín, kó fún un ní orúkọ kọ̀ǹpútà yín, kó sì máa gba gbogbo ìwé tí ẹ bá kó sínú rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Nítorí náà, títú kọ̀ǹpútà kọ̀rọ̀ palẹ̀ láti wá ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò lè so èso kankan. Kò bàjẹ́. Ohun tó kù ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ.

Èkejì kan ìbuwọ́lù. Nínú ẹ̀dà 24H2 ti Pro, Education àti Enterprise, gbogbo ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà bá sọ fún kọ̀ǹpútà kejì nípa fáìlì gbọ́dọ̀ ní ìbuwọ́lù lórí, kí ẹni tó bá wà láàárín ọ̀nà má baà lè yí i padà kó tó dé ibi tó ń lọ. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìbuwọ́lù yìí, ara bí ẹni tó ń wọlé ṣe fi password rẹ̀ hàn ni wọ́n ti ń rí i. Àlejò kò ní password, nítorí náà kò ní ohun tí yóò fi buwọ́ lu ohunkóhun. Ẹ rí i pé ibi kan náà ni ìyípadà méjèèjì já sí: ẹni tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnìkan.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ oògùn tó ń bà mí lẹ́rù. Bí ìṣòro yìí bá ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, tó sì béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó lọ tan SMB1, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì fún ara wọn. Wọn yóò tún ní kó pa ògiri ààbò (Firewall) ẹ̀rọ náà, kó yọ ìbéèrè password kúrò lórí àjọlò, kó sì fún gbogbo ayé ní àṣẹ lórí fódà. Ẹni tó bá ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ yóò rí i pé fódà náà ṣí lóòótọ́ nígbà mìíràn, yóò sì gbà pé SMB1 ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀ SMB1 kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àlejò tí mo kà sókè yìí. Wọ́n kàn ṣí ihò ńlá kan sílẹ̀ lásán ni, láti wo àìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀.

SMB ni èdè tí àwọn kọ̀ǹpútà Windows fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa fáìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Iléeṣẹ́ IBM ló ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí ẹni tó bá wà lórí nẹ́tíwọ̀kì jẹ́ ẹni tí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀. SMB1 ni èyí tó ti ìgbà náà wá. SMB2 ti wà láti ìgbà Windows Vista, SMB3 sì ti wà láti ìgbà Windows 8, àwọn méjèèjì yìí sì ni Windows 10 àti 11 ń fi sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tan ohunkóhun. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba inú ihò tó wà nínú SMB1 wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè 300 dọ́là lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kó tó tú wọn sílẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn kan ní Ìlú Ọba dá aláìsàn padà sílé nítorí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò nílò láti tẹ ohunkóhun kí kòkòrò náà tó ràn. Bí ẹ̀rọ kan bá ti kó o lórí nẹ́tíwọ̀kì, yóò wá àwọn yòókù lọ fúnra rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò ọ̀hún jáde ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún kan náà, nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, àwọn tí kò fi í sórí ẹ̀rọ wọn ló kàgbákò. Ní ìgbà tí ọdún náà fi ń parí lọ, Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ SMB1 kúrò nínú Windows 10 tuntun. Ẹni tó bá tún un tàn lónìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dá a padà.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí mo ti ṣe é. Oníbàárà mẹ́ta ni mo tan SMB1 fún lẹ́yìn ọdún 2017, torí pé ẹ̀rọ fọtokọ́pì wọn ti pẹ́, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí yóò fi gbé ìwé tó bá yà sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n dúpẹ́, mo gba owó iṣẹ́ mi, mo sì lọ. N kò sọ fún ọ̀kankan nínú wọn pé mo fi fèrèsé kan sílẹ̀ láìtì.

Bí a ṣe yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù àti ètò. Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà tuntun tilẹ̀ ń rí ti kọ̀rọ̀. Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu bí orúkọ ti kọ̀rọ̀ kò bá sí lára àwọn tí ẹ bá rí lábẹ́ Network. Ètò àtijọ́ tó ń to orúkọ kọ̀ǹpútà jọ síbẹ̀ dúró lé SMB1, ó sì bá a lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé n óò lọ sídìí ti kọ̀rọ̀, n óò wo nọ́ńbà tí ráútà fún un, irú bíi 192.168.1.20, n óò wá padà sí iwájú, n óò sì tẹ nọ́ńbà náà síbi tí a ń kọ àdírẹ́sì fódà sí, pẹ̀lú ìlà méjì tó dà sẹ́yìn níwájú rẹ̀, báyìí: \\192.168.1.20. Bí fódà bá ṣí pẹ̀lú nọ́ńbà tó sì kọ̀ láti ṣí pẹ̀lú orúkọ, ọ̀rọ̀ orúkọ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣẹ. Ẹ ní kí ráútà máa fún ẹ̀rọ náà ní nọ́ńbà kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa fi nọ́ńbà pè é. Bí wọ́n bá béèrè password, tàbí tí àpótí funfun tó ń sọ̀rọ̀ àlejò bá jáde, ó ti rí i nìyẹn, ẹ̀rọ méjèèjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí kò bá wá sí èsì kankan rárá, ẹ lọ wo Settings lórí ẹ̀rọ méjèèjì, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì wà, bóyá Public ni wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí Private. Public ni èyí tí ẹ̀rọ ń lò ní pápákọ̀ òfurufú tàbí ilé ìtura, níbi tó ti máa ń fara pa mọ́ fún gbogbo ẹni tó wà láyìíká rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ṣọ́ọ̀bù yín gbọ́dọ̀ jẹ́ Private, kí ìpín fáìlì àti ìwárí nẹ́tíwọ̀kì sì wà ní títàn lábẹ́ rẹ̀. Mo ti rí ibi méjì tó jẹ́ pé èyí nìkan ni ìṣòro wọn, tí wọ́n sì ti pa ògiri ààbò pátápátá kí wọ́n tó pè mí.

Lẹ́yìn èyí ló kan kọ́kọ́rọ́. Lórí kọ̀ǹpútà tí fódà wà, ẹ ṣí àkáǹtì fún ẹni tí yóò máa wọlé, kí ẹ fún un ní orúkọ kúkurú tí kò ní àyè láàárín, kí ẹ sì fún un ní password gidi. Àkáǹtì tí kò ní password kò wúlò níhìn-ín. Windows kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ wọlé láti orí nẹ́tíwọ̀kì, àfi kí olúwa rẹ̀ wá jókòó síwájú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ pa àkáǹtì Guest. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, tí ẹni tó ń wọlé sì ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, ẹ̀rọ kọ̀rọ̀ yóò tún gbà á gẹ́gẹ́ bí àlejò, ti iwájú yóò sì tún gbé àpótí funfun kan náà jáde. Mo ti rí ọ̀gá kan tó fi wákàtí kan gbáko bínú sí Windows nítorí lẹ́tà kan tó yọ kúrò nínú orúkọ.

Ọ̀rọ̀ PIN ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí òun ló ń dààmú àwọn àgbàlagbà jù. Ìyá kan tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan pè mí pé kí n wá wo kọ̀ǹpútà àwọn, pé ó ń sọ pé password òun kì í ṣe òótọ́. Mo débẹ̀, mo ní, “Mà, ẹ jẹ́ kí n rí bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́.” Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n fi ìka kan tẹ nọ́ńbà mẹ́rin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ̀rọ sì kọ̀. Wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n yí sí mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, nọ́ńbà tí mo fi ń ṣí i láràárọ̀ náà nìyí.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà láràárọ̀ ni PIN, inú ẹ̀rọ tí a ti ṣe é nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Kì í bá ènìyàn kọjá sórí nẹ́tíwọ̀kì. Ohun tí ẹ̀rọ kejì ń béèrè ni password àkáǹtì, èyí tí Mọ́mì ti dá sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà náà, tí wọn kò sì rántí mọ́ láti ìgbà tí PIN ti rọrùn fún wọn. A ṣí àkáǹtì tuntun fún wọn lórí ẹ̀rọ tí ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wà, wọ́n kọ password rẹ̀ sínú ìwé kékeré tó wà nínú pọ́ọ̀sì wọn, iṣẹ́ sì parí kí omi tí wọ́n gbé síná fún ẹ̀bà tó hó.

Àṣẹ lórí fódà ní ẹnubodè méjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń ṣí ọ̀kan tí wọ́n ń gbàgbé èkejì. Ọ̀kan wà lábẹ́ Sharing, èkejì wà lábẹ́ Security, èyí tó bá sì le jù nínú méjèèjì ni ẹ̀rọ yóò tẹ̀lé. Bí ẹ bá fún ọmọ iṣẹ́ yín láyè láti kọ nǹkan sínú fódà ní ẹnubodè àkọ́kọ́, tí ẹ sì fún un láyè láti kà nìkan ní èkejì, kíkà nìkan ni yóò lè ṣe. Ẹni tí a fẹ́ kó wọlé ni kí a kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi méjèèjì. Kò sí ìdí tí orúkọ Everyone fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ kíkún, pàápàá ní ilé ìwé tí èsì ìdánwò wà nínú fódà, tàbí ní ilé oògùn tí àkọsílẹ̀ aláìsàn wà níbẹ̀.

Bí gbogbo èyí bá pé tí ẹ̀rọ iwájú ṣì ń kọ̀, ẹ lọ sí Credential Manager lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú orúkọ àti password àtijọ́ pa mọ́, yóò sì máa gbé wọn lọ kan ilẹ̀kùn láìsọ fún yín. Ẹ pa ti àtijọ́ rẹ́ níbẹ̀, kí ẹ tún fódà pè, kí ẹ sì kọ orúkọ tuntun bó ṣe yẹ: orúkọ kọ̀ǹpútà tí fódà wà ṣáájú, ìlà tó dà sẹ́yìn, kí orúkọ àkáǹtì sì tẹ̀lé e. Ibi tí tèmi ti yanjú nìyẹn ní ọjọ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Fódà náà ṣí, ọmọ iṣẹ́ mi sì ju fláàṣì sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì.

Ti ẹ̀rọ fọtokọ́pì àtijọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín bóyá àtúnṣe wà tí yóò kọ́ ọ ní SMB2 tàbí SMB3. Ọ̀pọ̀ ló ní in tí ẹnikẹ́ni kò fi sórí wọn rí. Bí kò bá sí, kí ó máa gbé ìwé tó bá yà sórí fláàṣì tirẹ̀, tàbí kó máa fi ránṣẹ́ sí ímeèlì. Àwọn àpótí ìpamọ́ fáìlì tí àwọn iléeṣẹ́ kan ń lò sàn jù ú lọ, torí pé Samba, ètò tí Andrew Tridgell bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ló wà nínú púpọ̀ wọn, èyí tó bá sì jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ mọ SMB3 àti ìbuwọ́lù dáadáa. Àṣẹ kan wà tí ènìyàn lè tẹ̀ láti ní kí Windows 11 má ṣe béèrè ìbuwọ́lù mọ́, òmíràn sì wà tí yóò jẹ́ kó tún gba ìwọlé àlejò. Mo mọ méjèèjì, n kò sì ní kọ wọ́n síhìn-ín, nítorí mo ti rí i pé ohun tí a bá ṣe fún ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù wa, ó máa ń di ti ọdún mẹ́wàá.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a kúkú gbé gbogbo ẹ̀rọ sórí Windows 11 kí ọ̀rọ̀ lè tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà nílùú yìí, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, ó sì ń béèrè ọpọlọ kọ̀ǹpútà Intel ìran kẹjọ sókè tàbí èyí tó bá a dọ́gba. Ti kọ̀rọ̀ tèmi kò tó bẹ́ẹ̀, kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ó mọ SMB3, ó mọ bí wọ́n ṣe ń buwọ́ lùwé, bó sì ti ní àkáǹtì àti password báyìí, òun àti ti iwájú ń bá ara wọn lò láìsí wàhálà. Àtúnṣe ààbò rẹ̀ ni mo ṣì ń wá ọ̀nà sí: Microsoft fàyè sílẹ̀ fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n ṣì máa rí i gbà títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, mo sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá pé, n óò kó fódà náà lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn.

Olóòtú, ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá sọ́dọ̀ yín ni pé gbogbo àlàyé tí mo rí kà lórí rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní Tákìé, ní Sábó àti ní Under-G kì í sì í ka ju ìlà àkọ́kọ́ lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan. Bí wọ́n bá rí i ní Yorùbá nínú ìwé ìròyìn, wọn yóò kà á tán, àwọn ọ̀gá wọn yóò sì rí ohun tí wọn yóò fi bi wọ́n léèrè. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún irú àlàyé báyìí lóòrèkóòrè. Mo sì bẹ gbogbo ẹlẹgbẹ́ mi tó ti tan SMB1 fún oníbàárà rí kí wọ́n padà síbẹ̀. Ibi tí ó wà ni Turn Windows features on or off. Ẹ yọ àmì tó wà níwájú SMB 1.0/CIFS, ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ sì tún un tàn, kí ẹ sọ òótọ́ ìdí tí ẹ fi wá fún onílé, kí ẹ má sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti padà lọ sí méjì nínú àwọn ibi mẹ́ta tí èmi ti ṣe é. Ẹ̀kẹta wà lọ́nà Ìlọrin. Wọ́n ti ní kí n wá ní ọjọ́ Ẹtì, ní aago méje àárọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Atẹ̀wé àti alátùn-únṣe kọ̀ǹpútà,
Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́.